Oko Tí A Kò Ní

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ gbọ́ o. Bí ọmọ yín bá fún yín ní fóònù tó ti lò rí, ẹ má tíì sọ ọ̀rọ̀ inú yín sí i. Ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá etí tirẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Salome kò béèrè.

Ọmọ Kàbà ni Salome. Ó ti ń gbálẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Lọ́kọ́ja láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ìwé mẹ́fà ló kà, kò kọjá ibẹ̀. Obed ọkọ rẹ̀, káfíńtà ni, ó bá omi lọ lọ́dún tí Odò Ọya kún wọ Gadumo, àdúgbò wọn ní Lọ́kọ́ja. Gbogbo èèyàn mọ èyí. Wọ́n tún mọ̀ pé irinṣẹ́ rẹ̀ ló padà lọ mú nínú ilé tí omi fi gbé e. Salome ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Irọ́ ni.

Sátífíkéètì Salome ni Obed padà lọ mú. Wọ́n ti jáde sórí ilẹ̀ gbígbẹ, àwọn méjèèjì, kí Salome tó rántí pé wọ́n máa yẹ ìwé àwọn òṣìṣẹ́ wò lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tí kò bá rí tirẹ̀ mú wá, wọ́n lè lé e. Ó sọ fún Obed. Obed wo omi, ó wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó yí padà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀.

Salome àti Sharon ọmọ rẹ̀ kó lọ sí àdúgbò Crusher. Tíṣà ni Sharon, ní ilé ìwé kan ní Lokongoma. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ bàbá rẹ̀, gbólóhùn kan náà ló máa ń sọ: "Ẹni tó fẹ́ràn háámà jù mí lọ." Ó yọ fọ́tò bàbá náà kúrò lára ògiri. Salome ń wò ó. Ọ̀rọ̀ náà há a lọ́fun bí egungun ẹja, kò gbé e mì, kò pọ̀ ọ́ jáde.

Nígbà tí Sharon ra fóònù tuntun, ó fún ìyá rẹ̀ ní ti àtijọ́. Ẹ̀rọ tó ń dáni lóhùn wà nínú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní AI. Sharon fi ń kọ nóòtù ẹ̀kọ́.

"Mọ́mì, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ Yorùbá. Kì í ṣòfófó bíi ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì yín."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí iṣẹ́ dilẹ̀, Salome jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn ọ́fíìsì. Ó wọ̀tún, ó wòsì. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà, nítorí náà ohun tó kọ ni: *Omi gbe oko mi lo.*

Ẹ̀rọ náà dáhùn kíá. "Ẹ kú ìrójú o. Ó dùn mí pé omi gbé oko yín lọ. Kí ni ẹ gbìn síbẹ̀, ìrẹsì ni àbí àgbàdo?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Salome. Ó fẹ́ tún un ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bó bá jẹ́ oko ni, a jẹ́ pé ó lè sọ ọ́. Wọn kì í pe obìnrin ní apànìyàn nítorí oko.

*Emi ni mo fa a,* ó tẹ̀ ẹ́. *Nitori iwe mi ni.*

"Ẹ̀bi yín kọ́. Kò sí àgbẹ̀ tó lè dá odò dúró. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ lè gbin òmíràn."

Omi lé ròrò lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ni Pius, ọlọ́dẹ ẹnu géètì, bá a.

"Òkun o, Ìyá Sharon," ó kí i bí àwọn ará Kàbà ṣe ń kíni. "Ta lẹ ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí? Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí yín."

"Pius, máa bá tìẹ lọ."

"Ojú yín pọ́n."

"Oògùn tí mo fi fọ ilé ìgbẹ́ ni."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi sọ̀rọ̀ oko. Ó sọ bí oko náà ṣe máa ń súfèé tó bá ń fá pákó. Ó sọ pé oko náà kì í jẹ ata púpọ̀. Ẹ̀rọ náà ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn bí ewì. Ara rẹ̀ ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ pé oko náà ti bọ́ lọ́wọ́ omi, òun tún rán an padà.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó ń ṣa ẹ̀wà nígbà tí Sharon jáde láti yàrá, fóònù tuntun lọ́wọ́.

"Mọ́mì, oko wo ni omi gbé lọ?"

Salome kò gbójú sókè.

"A ò ní oko. Bàbá ò lè gbin ata kó hù."

Ó na fóònù sí i. Ọ̀rọ̀ Salome ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀. Kò mọ̀ pé okùn kan náà ni wọ́n so fóònù méjèèjì mọ́. Ohun tí ó bá tẹ̀ sí tirẹ̀ ń jáde lórí ti Sharon.

"Ó ń súfèé tó bá ń fá pákó," Sharon kà á. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Mọ́mì, oko kì í súfèé."

Ó mú bírò pupa tó fi ń máàkì ìwé, ó kọ *oko* sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀, ó wá fi àmì sábẹ́ lẹ́tà o méjèèjì, kan, èkejì.

"Èyí lẹ fẹ́ kọ. Ta lẹ rán padà?"

Salome wo ẹnu ọ̀nà. Irọ́ àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti jinná. Ó wo àmì pupa méjì yẹn.

"Kì í ṣe irinṣẹ́," ó ní. "Sátífíkéètì mi ni. Èmi ni mo rán an."

Sharon gbé fóònù sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n máa bú u."

"Mò ń gbọ́."

"Mo yọ fọ́tò rẹ̀ lójú yín."

Adìyẹ bà lé okùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Sharon fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, tàdáwà pupa náà sì yí mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Nígbà tẹ́ ẹ ní kó padà, kí ni bàbá mi sọ?"

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Salome kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀rọ pàápàá, kódà lórúkọ oko.

"Èyí tó jẹ́ tìrẹ, mo ti sọ ọ́," ó ní. "Ìyẹn, tèmi ni, mi ò ní sọ ọ́."

"Mọ́mì."

Salome fa àwo ẹ̀wà mọ́ra. Ó yọ òkúta kan, ó yọ òmíràn. Sharon tún bi í. Salome tún yọ òkúta kan.