Màmá Télọ̀ Dìde Lórí Àga

Nígbà tí dókítà sọ fún Màmá Télọ̀ pé ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara bó ṣe yẹ, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ló bú sẹ́kún. Màmá ní tirẹ̀ ní, "Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ló ti ń ṣiṣẹ́, kò gba ìsinmi rí. Bó bá rẹ̀ ẹ́, ṣé ó jẹ̀bi ni?"

Bí wọ́n ṣe délé, ọmọ sọ ìyá rẹ̀ di ọba. Màmá kò gbọ́dọ̀ fọ abọ́, kò gbọ́dọ̀ gbálẹ̀, kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mú bàtà. Ọmọ da aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́lẹ̀ bí ẹni bo òkú. Orí àga ni oúnjẹ ń bá Màmá.

"Màámi, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín sinmi."

Màmá jókòó. Oògùn ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ tó wú lọ sílẹ̀, àmọ́ ara ń joro. Itan tó ti fi ọdún gbọọrọ tẹ ẹ̀rọ wá gbẹ bí igi ìdáná. Ìró kì í dúró nídìí rẹ̀ mọ́, ife tíì ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ojú títì wá di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Bí ọmọ ṣe rí i, ṣe ló tún fi kún ìkẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Màmá fẹ́ ṣí fèrèsé. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ kọ̀, ló bá jókòó sílẹ̀ gbì láàrin àga àti tábìlì. Kò fara pa, ṣùgbọ́n kò lè dìde. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ibi iṣẹ́ dé bá a.

"Yéè! Màámi, kí lẹ ń ṣe nílẹ̀?"

"Mò ń sinmi ni. Ṣebí ìwọ lo ní kí n máa sinmi?"

Nílé ìwòsàn, dókítà ní kí Màmá dìde lórí àga láì fọwọ́ ti nǹkan kan. Ìdí Màmá kò kúrò lójú kan. Dókítà na ọwọ́ sí i pé kó fún un pinpin.

"Màmá, ẹ bẹ̀rẹ̀ ná."

"Mo ti fún un tán, ọmọ mi."

Dókítà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ó fa àga sún mọ́ wọn. "Bí ọkàn bá ti rẹ̀, ẹran ara kì í rí ẹ̀jẹ̀ tó, ló bá ń joro. Bí ẹran ara bá sì ti joro, iṣẹ́ díẹ̀ tó bá ṣe, ọrùn ọkàn ló ń já lé. Ṣe ni wọ́n jọ ń fa ara wọn lulẹ̀. Ìjókòó látàárọ̀ dalẹ́ sì ń bá wọn fà á."

Ọmọ tẹ orí ba. "Ṣé èmi ni mo wá ṣe Màámi báyìí?"

"Ìfẹ́ lẹ ṣe, ẹ̀gbọ́n mi," ni dókítà dá a lóhùn.

Màmá fọwọ́ pa á léjìká. "O tọ́jú mi bí ẹyin. Ẹyin kì í kúkú rìn."

Bí dókítà ṣe wí ni wọ́n ń ṣe: oògùn ń tẹ̀ síwájú, iyọ̀ dín kù, ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin pọ̀ sí i nínú oúnjẹ. Bí ọmọ bá ti dé láti ibi iṣẹ́, wọn á gbé àga méjì kojú síra wọn, wọn á máa dìde, wọn á máa jókòó. Ọmọ tó ti jókòó sí báńkì látàárọ̀ ló kọ́kọ́ ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ta gan-an lọkàn ń ṣe nínú àwa méjèèjì?" ni Màmá bi í.

Ìgbà kan wà tí ẹsẹ̀ Màmá tún wú, tí èémí rẹ̀ ń kúrú. Ẹ̀rù ba ọmọ, ó ti ń to ìrọ̀rí sórí bẹ́ẹ̀dì. "Dókítà ni kó o pè, má pe ìrọ̀rí," ni Màmá wí. Dókítà yí oògùn tó ń fa omi kúrò lára padà, ó ní kí wọ́n sinmi díẹ̀, kí wọ́n tún máa bá a lọ. Ara sì balẹ̀.

Ọkàn Màmá kò di ti ọmọdé padà, òun náà sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ìró wá ń dúró nídìí, ohùn sì padà dé ojú títì. Láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ọmọ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn láì fọwọ́ kàn án. Wọ́n kan ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ń gbé lókè.

Ìyẹn ṣílẹ̀kùn, ó lanu. "Ta ló gbé ẹ dé ibí?"

"Ẹsẹ̀ mi ni," ni Màmá fèsì. "Sún sẹ́yìn jàre, kí n ríbi jókòó."