Ìbọ̀pá Tí Kò Sinmi

Agéṣọ náà tún fa tépù lórí ìbọ̀pá náà. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, méjìlélọ́gbọ̀n ló kà, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án láàárín ìgbà náà. Ó wà níbi tó tẹ́ ẹ sí lórí tábìlì ìgéṣọ: ẹ̀wù apá kan ṣoṣo, tó gùn láti ọrùn ọwọ́ dé abíyá, aláwọ̀ ara, tó fẹ́lẹ́.

Obìnrin tó mú un wá jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Kó tó jókòó ló ti sọ ohun tó bá wá.

"Ó ń kéré sí i. Ẹ bá mi wò ó."

Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni yàrá náà wà. Àwọn tí iná jó ni wọ́n ń ránṣọ fún níbẹ̀. Bí ojú egbò iná bá jinná, àpá rẹ̀ máa ń wú, ó máa ń le. Aṣọ tó bá fún mọ́ ọn tọ̀sán-tòru ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Òwú kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Okùn tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe nílé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń hun aṣọ náà. Ènìyàn lè fà á títí yóò fi gùn ju ara rẹ̀ lọ nígbà márùn-ún; tó bá tú u sílẹ̀, á padà síbi tó ti kúrò. Ìpadà yẹn ni iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ tí kò bá lè padà mọ́, wọ́n á jù ú nù.

Ṣùgbọ́n aṣọ kì í padà kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni agéṣọ náà ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò rí i rí.

Ilẹ̀kùn ṣí. Aránṣọ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wọlé, ó kó aṣọ sábíyá.

"Ẹ̀gbọ́n Rúlà, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó rí obìnrin náà, ojú rẹ̀ yọ̀. "Áà! Ìyá Ọ̀gá! Ọ̀gá wa dà? Ẹ sọ fún un pé mo ti ń ránṣọ gún báyìí o, kó má wá lé mi lẹ́nu iṣẹ́ mi."

Ọ̀gá ni wọ́n ń pe ọmọ náà nínú yàrá yìí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ìbọ̀pá tuntun fún un, á kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta, á fi ìka tọ ojú ìránṣọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, á wá bèèrè pé, "Ta ló rán èyí? Ó wọ́."

"Kò wá," ni ìyá rẹ̀ wí. Nígbà tó yá, ó ní, "Kò ní wá mọ́. Ibà ni. Ó máa pé oṣù méjì lọ́la."

Aránṣọ náà kó aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Ó lọ jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀, kò sì tan án.

Ìyá náà ṣàlàyé láìgbé ojú sókè. Òun ti kó gbogbo aṣọ ọmọ náà fún àwọn ẹbí. Èyí nìkan lòun mú sọ́wọ́, nítorí pé apá ọmọ náà ṣì hàn nínú rẹ̀: ibi tó ti máa ń ká a, ibi tó ti máa ń fi eyín fà á tí kò bá sẹ́ni tó ń wò ó. Abẹ́ ìrọ̀rí lòun fi í sí. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn lòun ṣàkíyèsí pé ó ti ń kéré.

"Nílé, díẹ̀díẹ̀ ni. Àárọ̀ yìí tí mo forí lé ibí ló wá ń yára."

"Rọ́bà inú rẹ̀ ló ń bàjẹ́," ni agéṣọ náà wí. "Ooru máa ń ṣe é bẹ́ẹ̀."

Irọ́ ni. Rọ́bà tó bá bàjẹ́ máa ń rọ̀ ni. Aṣọ rẹ̀ á gùn, á sì fẹ̀. Aránṣọ náà gbójú sókè, ó wò ó, ó tún gbójú sílẹ̀.

"Kì í ṣe torí pé ó ń kéré nìkan ni mo ṣe wá," ni ìyá náà wí. "Kó tó di pé ibà mú un, ó ń sọ fún mi pé èyí ń fún òun. Ojoojúmọ́ ló ń sọ ọ́. Mo ní kó fara dà á. Mo ní bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn, pé ẹ̀yin náà lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń ṣàìsàn, ó ní kí n bọ́ ọ, mi ò bọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá òótọ́ ló ń sọ."

"Ó gbọ́dọ̀ fún díẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ fún díẹ̀. Ṣé díẹ̀ ni?"

Agéṣọ náà fa ìwé ìwọ̀n jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, bí ẹni pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà.

Ó mọ ìdáhùn. Òfin kan wà nínú yàrá náà tó ju gbogbo òfin yòókù lọ. Bí wọ́n bá ti ń ká aṣọ tó ń nà yìí mọ́ igi rẹ̀ nílé iṣẹ́, fífà ni wọ́n ń fà á, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe máa wà títí yóò fi dé. Wọ́n gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú láìsí ohun tó ń fà á. Sísinmi ni wọ́n ń pè é. Aṣọ tí kò bá sinmi, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti gé e tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ padà, yóò kéré sí ìwé àwòṣe tí wọ́n fi gé e, yóò sì fún ẹni tó bá wọ̀ ọ́. Àyè kan wà níparí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé ìwọ̀n fún un: *Aṣọ ti sinmi.* Agéṣọ ló ń fọwọ́ sí i.

Lóṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ìyá yìí dé ní ọ̀sán gangan, ìbọ̀pá ọmọ náà ti ya. Ọ̀nà wọn jìn. Agéṣọ náà ní kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ kejì. Ìyá náà ní òun kò ní lè wá lọ́jọ́ kejì, bóyá ó di oṣù tó ń bọ̀. Agéṣọ náà wo ọmọ, ó wo aago, ó fa aṣọ láti orí igi, ó gé e. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ síwèé. Òun náà tí wọ́n ń pè ní Rúlà, tó ti dá iṣẹ́ ẹlòmíràn padà rí nítorí ìdajì sẹ̀ǹtímítà.

Ó ṣí ojú ìwé ọmọ náà. Ìlà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti ìgbà tó ti di ọmọ ọdún márùn-ún, tí iná jó o. Ìlà ìgbẹ̀yìn: mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó padà sórí tábìlì, ó wọn ìbọ̀pá náà. Ọgbọ̀n géérégé. Ó wọn fífẹ̀ rẹ̀ níbi ọrùn ọwọ́: méje àti ààbọ̀.

Ìlà kẹta nínú ìwé: ọgbọ̀n; méje àti ààbọ̀.

Ó ṣe kòńgẹ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀. Ó dúró. Oòrùn kúrò lórí tábìlì, ó bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó tún wọ̀n ọ́n, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló kà, ọrùn ọwọ́ sì jẹ́ méje. Kò nílò láti wo ìwé: ìlà kejì nìyẹn. Bó ti ń wo aṣọ náà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ká díẹ̀ lórí tábìlì, láìsí apá nínú rẹ̀.

Lọ́dún kejì, àpá ti fa ìgbọ̀nwọ́ ọmọ náà. Kò lè na apá rẹ̀ tán títí dókítà fi là á. Ṣùgbọ́n ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n rán aṣọ yìí, kò sí lára rẹ̀ nígbà náà. Kò yẹ kó mọ̀.

Agéṣọ náà bọ́ sídìí àyọ́ọ̀nù, ó kì í bọ iná.

Gbogbo wọn nínú yàrá náà mọ ohun tí ooru tó pọ̀ ń ṣe fún okùn yẹn, torí náà ni wọn kì í fi àyọ́ọ̀nù kàn án. Bí iná bá ti mú un, kò ní padà mọ́. Ibi tí wọ́n bá fà á dé ló máa wà títí ayé. Bí òun bá nà án lórí ìwé àwòṣe tí wọ́n fi gé e, tí òun fi abẹ́rẹ́ dè é, tí òun lọ̀ ọ́, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló máa jẹ́. Ìyá yìí á rí i pé kò kéré rárá. Á mú apá ọmọ rẹ̀ lọ sílé, á sì gbà pé ìṣe ọmọdé lásán ni ọmọ náà fi ń ráhùn. Ta ni ìyẹn máa pa lára?

"Ẹ̀gbọ́n," ni aránṣọ náà wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Kí lẹ fẹ́ lọ̀?"

Agéṣọ náà yọ ìwé àwòṣe náà láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó ti ìgbátí aṣọ náà mọ́ ọn, ó gún abẹ́rẹ́ mẹ́ta sí i, ó mú ẹ̀gbẹ́ kejì, ó sì fà á. Ó rò pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lòun ń fà, àṣé ó ti di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìlà àkọ́kọ́. Aṣọ náà fà á padà. Agbára rẹ̀ ju ti aṣọ lọ. Ó ń fà, ó ń dẹwọ́, ó tún ń fà, bí ọmọdé tí wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú tó fẹ́ kí wọ́n tú òun sílẹ̀. Ó móoru.

"Fara dà á," ni ìyá náà wí lójú fèrèsé.

Agéṣọ náà yíjú sí i. Obìnrin náà kò wo òun. Aṣọ náà ló ń bá sọ̀rọ̀, ó sì jọ pé kò mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀ síta.

Iná àyọ́ọ̀nù náà kú: ó ti gbóná.

"Kò sinmi," ni agéṣọ náà wí.

"Kí ni kò sinmi?"

"Aṣọ yìí. Ó yẹ kó sùn mọ́jú kí n tó gé e. Mo gé e lójú ẹsẹ̀, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sinmi. Ó kéré sí apá rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Òótọ́ ló ń sọ fún yín."

Ọwọ́ ìyá náà ń lọ, ó ń bọ̀ lórí báàgì rẹ̀.

"Èmi ni mo ní mi ò lè padà wá lọ́jọ́ kejì."

"Ẹ̀yin ò mọ̀. Èmi mọ̀."

Ìyá náà mi orí. Kò ní kò tọ́, kò sì ní òun dárí jì í. Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde, ó wá sídìí tábìlì fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀.

"Ẹ tú u sílẹ̀."

Agéṣọ náà yọ abẹ́rẹ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó ara jọ sórí tábìlì. Ó wọ̀n ọ́n. Mẹ́rìnlélógún. Ó dúró díẹ̀. Méjìlélógún. Ó tọ ojú ìwé náà lọ sókè pẹ̀lú ìka: lókè ìlà àkọ́kọ́, àkọlé nìkan ló wà.

"Èyí ò sí nínú ìwé," ló wí.

"Kò lè sí níbẹ̀. Ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn." Ìyá náà tẹ̀ mọ́ tábìlì. Ìgbọ̀nwọ́ aṣọ náà ti nà gbalaja, kò ká mọ́. "Ọmọ ọdún mẹ́rin. Iná ò tíì jó o lọ́jọ́ orí yìí."

Aránṣọ náà dìde, ó yọ wáyà àyọ́ọ̀nù lára ògiri.

Agéṣọ náà na ọwọ́ sí tépù, ó tún fà á sẹ́yìn. Láti ìgbà tí aṣọ yìí ti kúrò lórí igi, bóyá ara ọmọ ń fà á ni, bóyá ọwọ́ ìyá, bóyá ti òun. Òru kan péré ni òun fi dù ú.

"Títí dìgbà wo ló máa ń sinmi?" ni ìyá náà bèèrè.

"Títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi máa mọ́."

Ìyá náà fa àga rẹ̀ wá láti ojú fèrèsé, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó jókòó, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí itan kó má baà kan aṣọ náà.

"Lọ́tẹ̀ yìí," ló wí, "mo lè dúró."