Ehín Elétí-Ehoro

Ní ilé iṣẹ́ Elétí-Ehoro, a kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kí ẹni tó ni ín tó fi ẹnu ṣe ariwo tí ọkọ̀ náà ń ṣe. Elétí-Ehoro, mẹkáníìkì àgbà tó ni ibẹ̀, ló gbé òfin yìí kalẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Ó ní ẹni tó ń wa ọkọ̀ lójoojúmọ́ ni ọkọ̀ kọ́kọ́ ń fẹjọ́ sùn. Nítorí náà, àwọn ènìyàn ńláńlá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n ti ké bí ewúrẹ́, wọ́n sì ti kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Òun a gbọ́ tẹnu ọlọ́kọ̀, a gbọ́ ti ẹ́ńjìnì, a sì dárúkọ àrùn kó tó mú sípánà. Ibẹ̀ ni ìnagijẹ rẹ̀ ti wá.

Ṣùgbọ́n etí náà ti ń di. Ti òsì ló kọ́kọ́ lọ, ti ọ̀tún sì ń tẹ̀lé e. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Òfin àtijọ́ wá di ibi ìsápamọ́ fún un: ètè ọlọ́kọ̀ ló ń wò, ohun tó bá rí níbẹ̀ ló sì fi ń dá ẹjọ́. Ó ń mú un jẹ. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń bà á lẹ́rù ni ọmọbìnrin rẹ̀, tó kọ́ níṣẹ́ fúnra rẹ̀, tí wọ́n sì jọ ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ di sípánà mú ni ó ti sọ fún un pé, “Mẹkáníìkì tí kò bá gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì mọ́, ilé ló yẹ ẹ́. Bó bá kan èmi náà, lé mi lọ.” Ẹnu rẹ̀ ló fi de ara rẹ̀ mọ́gi. Kò sì sí ibi tó wù ú láyé bí abẹ́ páànù ilé iṣẹ́ náà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Oníbúrẹ́dì wa ọkọ̀ rẹ̀ dé. Búrẹ́dì kún inú rẹ̀ títí dé òrùlé. Kò pa ẹ́ńjìnì náà. Ó ní bí òun bá pa á, ó lè má jí mọ́.

“Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ọkọ̀ mi ti ya wèrè.”

“Irú wèrè wo? Ẹ fẹnu ṣe é.”

Obìnrin náà wo òdìkejì títì, níbi tí panẹbítà ti ń na irin bọ́dì ọkọ̀ kan. Ojú tì í. Kò la ẹnu dáadáa, ó kàn fún ètè pọ̀, ó ní, “Ta-ta-ta-ta.”

Mẹkáníìkì àgbà mi orí. “Tápẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ló kàn dẹ̀ díẹ̀. Ẹ́ńjìnì yín ò ṣe nǹkan kan. A máa fún un mọ́, ẹ ó sì máa lọ.”

Ọmọbìnrin rẹ̀ dìde níbi tó ti ń fọ irin. Ohun tí òun ń gbọ́ kì í ṣe ta-ta-ta. Gbì, gbì, gbì ni, bí ẹni ń gún iṣu nínú ẹ́ńjìnì náà. Dígí ọkọ̀ ń gbọ̀n. Panẹbítà pàápàá ti dá òòlù dúró, ó ń wò wọ́n.

“Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ọ dáadáa?”

Ètè ọmọ náà ni bàbá rẹ̀ wò kó tó dáhùn. “Mo gbọ́ ọ ketekete.”

Ọmọ náà bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ ní ohùn tí wọ́n fi ń jíròrò lójoojúmọ́: “Bàbá, iná ti mú ṣòkòtò yín.”

Bàbá rẹ̀ kò mira.

Ìyá Oníbúrẹ́dì ló gbọ́. “Iná kẹ̀!” Kò wo ìdí ọ̀rọ̀, ó gbé korobá omi tí wọ́n fi ń fọ ọwọ́, ó sì dà á lé ọkùnrin náà láti ìbàdí dé ẹsẹ̀.

“Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?” ni mẹkáníìkì àgbà kígbe. “Ọkọ̀ yín ni mo ní kò ṣe nǹkan kan!”

Panẹbítà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bọ́dì tó ń tún ṣe. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì bọ́ síwájú bàbá rẹ̀.

“Láti ìgbà wo, Bàbá?”

Bàbá ti rí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọmọ rẹ̀. “Ti òsì ti pẹ́. Ti ọ̀tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.” Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra. “Mo rántí ohun tí mo sọ. Má wulẹ̀ rán mi létí.”

 Ọmọ náà yíjú sí obìnrin náà. “Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ́ńjìnì yín ti nọ́ọ̀kù. Bíárìn ìsàlẹ̀ ti jẹ. A máa tú u palẹ̀ ni.”

“Mo gbé! Ta ló máa bá mi gbé búrẹ́dì kiri?” Obìnrin náà jókòó sórí táyà.

Mẹkáníìkì àgbà ń lọ sílé, bí òun fúnra rẹ̀ ti ṣe sọ. Bó ṣe fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà kọjá, ó gbé ọwọ́ lé etí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó má baà yọ̀ nínú omi. Nǹkan kan gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wọlé, ó gun apá rẹ̀ dé èjìká. Gbì. Gbì. Ó dúró. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí ẹ́ńjìnì kankan ti bá a sọ̀rọ̀ kedere bẹ́ẹ̀.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó mú sukurudíráfà gígùn, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ kan irin, ó sì fi ehín di ìdí rẹ̀ mú.

“Bàbá, ṣé ebi ń pa yín ni?” ni Ìyá Oníbúrẹ́dì wí. “Búrẹ́dì wà o!”

Kò gbọ́. Ó fi ṣóńṣó náà kan orí ẹ́ńjìnì: ohùn náà rọra dé ehín rẹ̀. Ó fi kan ìsàlẹ̀, níbi tí ọmọ rẹ̀ ti dá lẹ́bi: ó jìnnà, bí ìgbà tí aládùúgbò ń gún nǹkan lẹ́yìn ògiri. Ó wá fi kan ẹ̀yìn, níbi tí ẹ́ńjìnì ti so pọ̀ mọ́ gíábọ́ọ̀sì. Orí rẹ̀ gbọ̀n jìgìjìgì. Omi lé ròrò sí ojú rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú irin lẹ́nu.

“Pa á! Wọ abẹ́ rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kan wà níbi tí gíábọ́ọ̀sì ti bẹ̀rẹ̀. Tú u, kí o sì fọwọ́ kan àwọn bóòtù inú rẹ̀.”

“Bàbá, bíárìn ni mo gbọ́.”

“O gbọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ò mọ ilé tó ti ń wá. Wọlé.”

Ọmọ náà wọ abẹ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nìkan ni wọ́n ń rí. Wọ́n gbọ́ ìró sípánà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ibẹ̀.

“Ọwọ́ lásán ni mo fi ń yí i! Gbogbo wọn ló ti dẹ̀!”

Ìyá Oníbúrẹ́dì dìde lórí táyà. “Ẹ́ńjìnì mi ńkọ́?”

“Kò sí nǹkan tó ṣe é, Màmá. Ohun tó so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì ló tú. Èmi ni mo fẹ́ pe ẹni tó kàn ń sùn ní òkú.”

Ó fún àwọn bóòtù náà mọ́ títí apá rẹ̀ fi kọ̀. Nígbà tí wọ́n tún ẹ́ńjìnì náà tan, ó ń kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Panẹbítà fi òòlù lu irin láti kan sáárá sí wọn. Ìyá Oníbúrẹ́dì fún olúkúlùkù ní búrẹ́dì kan, ó bẹ Bàbá nítorí omi, ó sì wakọ̀ lọ.

Mẹkáníìkì àgbà wà lórí ìdúró, búrẹ́dì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ sì ń ro omi sílẹ̀. “Mo kọ́kọ́ pè é ní tápẹ́ẹ̀tì,” ni ó wí. “Mo ṣìnà.”

Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, níbi tó ti lè rí ẹnu òun. “Èmi náà ṣìnà. Ẹ ní kí ẹni tí kò gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnì mọ́ lọ sílé. Ẹ̀yin gbọ́ ọ. Bóyá etí lẹ fi gbọ́ ọ, bóyá ehín ni, èmi ò bi yín.” Ó gba sukurudíráfà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nù ún. “Láti òní lọ, màá máa sọ fún gbogbo ọlọ́kọ̀ pé kí wọ́n sọ̀rọ̀ sókè. Ẹ ò gbọdọ̀ tún fi pa mọ́ fún mi. Ṣé ẹ máa tètè dé lọ́la?”

“Kí lo wí?”

“Mo ní, ṣé ẹ máa tètè dé lọ́la!”

Ó ké e débi pé panẹbítà dáhùn láti òdìkejì títì: “Wọ́n máa tètè dé!”

Bàbá náà bu búrẹ́dì sẹ́nu, ó rọra jẹ ẹ́. “Mo ti gbọ́ ọ ní àkọ́kọ́,” ni ó wí. “Ó kàn dùn mọ́ mi ni. Tún un sọ.”