Àpótí Tó Ní Òun Ò Mọ̀ Mọ́

Ọmọ náà kéré. Ọmọ ọmọ mi ni. Oṣù rẹ̀ ò pé tó fi dé, wọ́n sì gbé e sínú àpótí onígíláàsì tó ń mú un móoru. Ìyá rẹ̀, ọmọ mi obìnrin, ṣì ń sùn ní yàrá kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Èmi ni mo jókòó ti àpótí. Ẹ̀rọ máa ń bà mí lẹ́rù, ìwé mi ò sì jìnnà. Ojú nìkan ni mo fi ń ṣọ́ ọ.

Nọ́ńbà kan ń tàn níwájú àpótí náà. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé bí nọ́ńbà yẹn ò bá ti yẹ̀, ara ọmọ móoru nìyẹn. Mo gbà á gbọ́. Mò ń wò ó bí ẹni ń wo wàrà lórí iná.

Lójijì, nọ́ńbà kú. Àpótí figbe ta. Lẹ́tà pupa jáde.

"Yéè! Nọ́ọ̀sì o! Ẹ gbà mí o!"

Àna mi, bàbá ọmọ náà, ló kọ́kọ́ já wọlé, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀. Nọ́ọ̀sì tẹ̀lé e. Kò sáré rárá.

"Màmá, ṣé ẹ fẹ́ kí gbogbo wọ́ọ̀dù bímọ lónìí ni? Ẹ fara balẹ̀. Oníwàhálà ni àpótí yìí. Bó bá ti ṣe báyìí, a máa ń tẹ bọ́tìnnì yìí, á dákẹ́, á máa bá iṣẹ́ lọ."

Ó na ìka. Àna mi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sístà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́."

"Ah-ah! Ṣé ẹ̀yin lẹ ni wọ́ọ̀dù?"

"Ẹ máa bú mi tó bá yá. Ẹ wo ohun tó kọ."

Ó kà á sí wa létí. Àpótí ní inú òun fúnra òun ni àṣìṣe wà, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà lórí nọ́ńbà tí òun ti ń fi hàn tẹ́lẹ̀ mọ́, ká wo ọmọ náà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni àna mi ń ṣe. Kì í ṣe ètò kọ̀ǹpútà gan-an ló ń kọ, bí ó ṣe ṣàlàyé fún mi. Ohun tó wà nísàlẹ̀ ètò ni, èyí tó ń ka ètò, tó sì ń ṣe ohun tí ètò wí. Ó ní bí ògbufọ̀ ni. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ṣì í sọ, ògbufọ̀ á ní kó tún un wí. Ṣùgbọ́n bí orí ògbufọ̀ fúnra rẹ̀ bá dàrú ńkọ́? Ta ló máa mọ̀?

"Kí la wá fẹ́ ṣe?" ni mo bi í. "Òtútù á mú ọmọ."

"Ká fọwọ́ kàn án ná," ni àna mi wí.

Nọ́ọ̀sì ti ki ọwọ́ bọ inú àpótí. Ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì yín. Kíá!"

Ó gbé ọmọ lé bàbá rẹ̀ láyà, ó fi aṣọ bo àwọn méjèèjì, ó sì lọ wá àpótí mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó sáré.

Àna mi dúró gbọn-in bí ẹni gbé ẹyin.

"Màámi," ó rọra sọ ọ́, "mò ń bá ọ̀gá mi fa ọ̀rọ̀ kan níbi iṣẹ́. Mo ní bí ògbufọ̀ tiwa bá ṣàṣìṣe nínú ara rẹ̀, kó gbé e mì, kó máa lọ. Àwọn oníbàárà ò fẹ́ kó dúró. Ọ̀gá ní rárá, kó pariwo, kó sì dúró. Mo ní ojo ni wọ́n."

Mo fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ. Ó tutù. Bẹ́ẹ̀ sì ni nọ́ńbà ń sọ fún mi láti àárọ̀ pé ó móoru.

"Ó dáa tó pariwo," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n ká ní mo ti lọ tọ̀ ńkọ́? Ká ní kò sẹ́ni tó gbọ́?"

Àna mi fa aṣọ bo orí ọmọ dáadáa.

Nọ́ọ̀sì ti àpótí tuntun dé. Ó ki tẹmómítà sábẹ́ apá ọmọ, ó dúró, ó wò ó.

"Ó ti ń gòkè. Ẹ gbé e wá."

"Ẹ jẹ́ kó ṣì wà níbí díẹ̀ sí i."

"Bàbá ọmọ, àyà yín ò ní nọ́ńbà o."

"Mo mọ̀."

Ọmọ náà lanu, ó ń fi ẹnu wá ọmú káàkiri àyà bàbá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Àna mi náà rẹ́rìn-ín, omi wà lójú rẹ̀. Èmi ò tíì lè rẹ́rìn-ín. Mò ń wo bó ṣe ń mí.