Ewúrẹ́ Tó Jẹ Nọ́ńbà Ògiri

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Oúnjẹ ọ̀sán àná ló gbé mi sùn, tí mo fi lá àlá kan tí kò tíì kúrò lójú mi. Iṣẹ́ sólà ni mò ń ṣe ní Ṣakí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so sẹ́ńsọ̀ mọ́ wáyà ilé wa ni, ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn iná tó ń kọjá. Àádọ́ta ámpìà, ìyẹn ìwọ̀n pípọ̀ iná, ni wọ́n kọ sí i lára, iná tèmi ò ju ọgbọ̀n lọ. Ó tó. Àwa oníná kì í ka ìwé inú páálí. Ewúrẹ́ là ń jù ú sí.

Nínú àlá, sẹ́ńsọ̀ náà ti di bàbá arúgbó, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kan tó léfòó lórí odò. Kò yà mí lẹ́nu. Iná ń kọjá níwájú rẹ̀, ó ń kà wọ́n láìfọwọ́ kàn wọ́n.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé wọn ò pọ̀ jù fún yín?"

"Pípọ̀ wọn ò dùn mí, ọmọ mi. Ipá tí wọ́n fi ń ti ògiri ẹ̀yìn mi, ìyẹn fólítì wọn, ni."

Ògiri ọ̀hún fẹ́lẹ́ bí ewé ẹ̀kọ. Àsàbí ìyàwó mi wà lódìkejì, ó ń nawọ́ sí bọ́tìnnì. Bí ògiri bá ya, ara rẹ̀ ni gbogbo ipá náà máa lọ.

"Ògiri, fólítì mélòó lẹ lè gbà?"

"Ó wà nínú ìwé," ògiri dáhùn. "Ẹ bi ọ̀gá."

Ọ̀gá wọlé tòun ti táì, ìwé lọ́wọ́. Kó tó jókòó, ìwo ti yọ lórí rẹ̀, ó ti di ewúrẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀: "Ẹ kú ọ̀sán, sà." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé náà.

"Nọ́ńbà yìí dùn," ó ní.

Ẹgbẹ̀ta fólítì ni sólà mi fi ń ti ògiri yẹn! Mo fẹ́ pe Àsàbí, ohùn mi ò jáde.

Mo ta jí. Àsàbí dúró níwájú ẹ̀rọ, ó ti nawọ́ sí bọ́tìnnì.

"Bàbá Ìdòwú, ṣé kí n tàn án wò?"

"Má fọwọ́ kàn án!"

Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé. Ewúrẹ́ wa ń jẹ ìwé inú páálí lọ́wọ́, ó ti ku díẹ̀. Mo fà á yọ lẹ́nu rẹ̀. Itọ́ ti rin ín, ṣùgbọ́n mo rí i kà: ògiri inú sẹ́ńsọ̀, ike tó ń dáàbò bo ọwọ́ ẹni lọ́wọ́ iná, kò gbọdọ̀ gbà ju ọ̀ọ́dúnrún fólítì lọ.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ewúrẹ́. "Ẹ ṣeun, sà."

Àsàbí ní ṣé orí mi pé. Mo lọ tú wáyà.