Ẹni Tó Ti Lọ Ni Kó Rù Ú

3.

…nítorí náà kì í ṣe pé Bàbá kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní áàpù. Ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ rẹ̀ ló fi í sórí fóònù fún un, tó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí Bàbá kò mọ̀ ni pé èèyàn lè kú tán kí wọ́n tún máa di ẹrù lé e lórí.

4. ÌKÉDE

*SÍ GBOGBO Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń LO ÈTÒ WA*

*Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, àwọn kan nínú yín rí ọ̀rọ̀ gbà lórí fóònù pé a ti fagi lé ọjọ́ tí wọ́n máa rí dókítà ojú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló ṣì í sọ. A bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó torí rẹ̀ jókòó sílé.*

*A ti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Àṣìṣe yìí ti inú iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ wa kan tó ti dolóògbé fi sílẹ̀ wá. A ti tún un ṣe.*

*Ìlera yín ló jẹ wá lógún.*

5.

Òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló kú nílé iṣẹ́ náà.

6.

Òǹtẹ̀wé ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Ìwé ìròyìn ni wọ́n ń tẹ̀. Bí wọ́n bá ṣi orúkọ ẹnìkan kọ lónìí, ní ọ̀la wọ́n á tẹ àtúnṣe, lójú ewé kan náà, pẹ̀lú lẹ́tà tó tóbi bákan náà. Ojú a máa tì wọ́n. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan kò dìde rí láti sọ pé ẹni tó kú lọ́sẹ̀ tó kọjá ló to lẹ́tà náà.

Ó ka ìkéde yẹn lórí fóònù. Ó tún un kà lórí kọ̀ǹpútà ìyàwó ọmọ, bóyá tibẹ̀ á yàtọ̀. Bákan náà ni.

Ó ní kí Ìyá wá wò ó. Ìyá ní òun ti rí i láti àná. Òun kàn fi pa mọ́ fún un ni.

7. ÀWỌN IṢẸ́ TÍ ỌMỌ NÁÀ ṢE
*(bí Bàbá ṣe rántí wọn)*

Tíṣà. Físíìsì ló ń kọ́ wọn. Ó ní òun fẹ́ràn àwọn ọmọ, pé ìpàdé àwọn olùkọ́ ló fẹ́ pa òun.

Kò sí iṣẹ́. Ó ń fi kọ̀ǹpútà tí bọ́tìnnì kan ti yọ lára rẹ̀ kọ́ ara rẹ̀ ní iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà lórí tábìlì ìjẹun. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹun, á gbé e sórí itan.

Ó ń kọ́ ojú òpó fún àwọn onísọ̀. Oníbàtà. Oníkọ́tìnnì. Oníbàtà náà ní kí ó mú kí bàtà máa jó lójú òpó. Ó mú un jó.

Ilé iṣẹ́ àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ètò tó kọ níbẹ̀ ló ń sọ ọ̀nà tí awakọ̀ máa gbà. Àwọn awakọ̀ ṣépè fún un dáadáa.

Ilé iṣẹ́ tó ń bá àwọn ilé ìwòsàn ránṣẹ́ sí aláìsàn. Ibẹ̀ ló wà kẹ́yìn.

Ibi gbogbo tó dé ni wọ́n ti ń pè é ní Tíṣà, nítorí kì í tún nǹkan ṣe kó má ṣàlàyé. Bàbá bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló dé tí kò fẹ́ fìdí kalẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ìdí mi wà nílẹ̀. Iṣẹ́ gan-an ló ń dìde."

8.

Àṣà kan wà láàárín àwọn oníṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ nídìí oúnjẹ, ẹ̀rín sì fẹ́ẹ̀ gbé omi sí i lọ́fun.

Bí òṣìṣẹ́ kan bá fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo àléébù tí wọ́n bá rí lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, òun ló ni ín. Ta ló kọ ohun burúkú yìí? Ẹni tó ti lọ ni. Ta ló fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ láìtì? Ẹni tó ti lọ ni. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún un ṣe, ẹnì kankan kò ní bá ẹnì kankan jà. Ó ní níbi àwọn akẹ́rù, òun ni wọ́n ṣì ń dá lẹ́bi títí di òní, kódà fún òjò tó ń rọ̀. Òun náà, nígbà tí òun dé ibi tuntun yìí, obìnrin kan wà tó ti lọ kí òun tó dé. Òun kò rí i sójú rí. Òun ti di ẹrù lé e lórí títí ọrùn rẹ̀ ti wọ̀.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ bi í?"

"Bàbá, àwàdà ni."

"Àwàdà tí ẹni tí ẹ fi ń ṣe é kò sí níbẹ̀ láti rẹ́rìn-ín?"

Ọmọ náà ń jẹun lọ. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Òótọ́ ni yẹn, sà." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán.

9.

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ló kú. Ọkàn rẹ̀ ni. Bàbá kò fẹ́ kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

10. OHUN TÍ FÓÒNÙ SỌ FÚN BÀBÁ LẸ́YÌN ÌYẸN

*Ó pẹ́ díẹ̀ tí ẹ ti bá ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ fẹ́ pè é?*

*Ẹ rántí ọjọ́ yìí! A ti to àwòrán yín pọ̀, a sì fi orin sí i.*

*Ọmọ yín kò tíì dáhùn. Ṣé ká rán an létí?*

Bàbá da fóònù náà dojú bolẹ̀ bí abọ́ tí wọ́n ti fọ̀.

11. ORÍ ÀTẸ̀GÙN

Ìyá Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé. Ọjọ́ Ajé yẹn ló yẹ kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí i lójú. Ó rí ọ̀rọ̀ ìfagilé gbà, ó jókòó sílé. Ọjọ́ tuntun tí wọ́n fún un jìnnà. Ojú náà kò dúró dè wọ́n. Tẹ́lẹ̀, láti ìsàlẹ̀ ló ti máa ń ké kí Bàbá.

BÀBÁ: Ẹ kú àárọ̀, Màmá.

ÌYÁ ÌSÀLẸ̀: Ohùn yín ni mo gbọ́. Ojú ni mi ò fi rí yín.

BÀBÁ: Ẹ pẹ̀lẹ́.

ÌYÁ ÌSÀLẸ̀: Mo wá bá yín sunkún ọmọ yín. Mi ò mọ̀ pé ara mi ni mò ń sun ún fún.

BÀBÁ: Kì í ṣe òun, Màmá.

ÌYÁ ÌSÀLẸ̀: Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi kà á sí mi létí.

BÀBÁ: Ó ti kú kí wọ́n tó fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí yín.

ÌYÁ ÌSÀLẸ̀: Èyí tó fi sílẹ̀ ńkọ́? Ṣé dúkìá nìkan lèèyàn ń fi sílẹ̀ lọ ni?

Bàbá gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá a gbé e wọlé. Ìyá Ìsàlẹ̀ kò ní kó má gbé e. Kò sì dúpẹ́.

12. ORÍ FÓÒNÙ
*(Bàbá kọ ọ́ ní kété tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán. Bí ọ̀rọ̀ kan bá yẹ̀ níbẹ̀, ti Bàbá ni. Ti Ọ̀gá kò ṣeé gbàgbé.)*

Ọ̀GÁ ILÉ IṢẸ́: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Gbogbo wa la ṣì ń ṣọ̀fọ̀ Tíṣà.

BÀBÁ: Ẹ ṣeun. Ẹ yọ gbólóhùn yẹn.

Ọ̀GÁ: Gbólóhùn wo, sà?

BÀBÁ: Ẹ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀GÁ: A ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

BÀBÁ: Òkú mélòó lẹ ní?

Ọ̀GÁ: Bàbá, ẹ gbọ́ mi. Bí a bá ní alààyè kan ló ṣe é, àwọn èèyàn á wá a délé. Wọ́n á bú u. Ó lọ́mọ. Tíṣà ní tiẹ̀, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe é mọ́.

BÀBÁ: Òun náà lọ́mọ. Ó níyàwó. Ó níyàá, tí kò jáde kúrò nílé mọ́. Àbí ẹ rò pé òkú kì í ní ará ilé?

Ọ̀GÁ: Òun náà ì bá bá wa rẹ́rìn-ín sí i, sà. Ẹ mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ẹni tó ti lọ ni kó —

BÀBÁ: Kò lọ. Ó kú.

Ọ̀GÁ: Ẹ má bínú.

BÀBÁ: Mo ń bínú.

13.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Bàbá ti fi òwe yìí tu ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Ó ń rò ó báyìí pé ta ló sọ fún àwọn àgbà pé a ní ogún ọdún.

13. *(lẹ́ẹ̀kan sí i, ìbínú ló kọ ti òkè, ṣùgbọ́n kò pa á rẹ́)*

Onírùngbọ̀n wá. Òun ni àga rẹ̀ kángun sí ti Tíṣà níbi iṣẹ́. Ó gbé ọsàn lọ́wọ́, kò jókòó àfìgbà tí Bàbá ní kó jókòó, kò sì gbé ọsàn náà kalẹ̀.

Ó ṣàlàyé. Ó ní ẹ̀dà méjì ni ètò náà ní. Ọ̀kan wà fún ìdánwò; ohun tí wọ́n bá tẹ̀ níbẹ̀ kì í dé ibì kankan. Èkejì ni tòótọ́. Àwọn méjèèjì jọra bí ìbejì tó wọ aṣọ kan náà. Ní ọjọ́ Ajé yẹn, ó ń dán ọ̀rọ̀ ìfagilé wò. Ó rò pé inú ẹ̀dà ìdánwò lòun wà. Ó tẹ̀ ẹ́. Fóònù òṣìṣẹ́ kan tó máa ń gba ọ̀rọ̀ dókítà ojú fún ìyá rẹ̀ sì dún níwájú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló mọ̀.

Ó ní àìmọye ìgbà ni Tíṣà bẹ Ọ̀gá pé kí wọ́n fi àwọ̀ pupa kun ti tòótọ́ kí ojú lè dá a mọ̀. Ọ̀gá ní ó di ọdún tuntun. Tíṣà kú. Kò sí ẹni tó bẹ̀bẹ̀ mọ́.

"Ìyẹn ni iṣẹ́ tó fi sílẹ̀?"

"Ìyẹn ni, sà."

Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Kò wọlé, kò sì padà.

Onírùngbọ̀n wá ní òun ti rò ó dáadáa. Òun ti ríṣẹ́ síbòmíràn, ìparí oṣù lòun ń lọ. Bí òun bá ti lọ, wọ́n á yí i padà sórí òun, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kí Bàbá ṣáà ní sùúrù díẹ̀. Á kúrò lórí Tíṣà fúnra rẹ̀.

Bàbá yí àga rẹ̀ kọjú sí i.

"Ìwọ lo ṣe é."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bí wọ́n bá wá ní ìwọ ni lẹ́yìn tí o bá ti lọ, ta ló máa gbà á gbọ́? Wọ́n á ní àwàdà yín náà ni. Jókòó lórí àga rẹ kí o sọ ọ́. Kí o ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gbọ́ ọ."

Onírùngbọ̀n ní òun á rò ó. Ó gbé ọsàn kalẹ̀ nígbà yẹn, ó tún un tò kó má yí dànù. Ó ní òun fẹ́ràn Tíṣà.

Bàbá gbà á gbọ́. Ohun tó tún mú un bínú sí i nìyẹn.

14.

*Bàbá wa ọ̀wọ́n,*

*Inú wa dùn láti sọ fún yín pé a máa fi orúkọ Tíṣà pe yàrá ìpàdé wa tuntun, kí a lè máa rántí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún wa bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe tẹ́ yín lọ́rùn sí:*

☆ ☆ ☆ ☆ ☆

14b.

Yàrá ìpàdé.

15. ÀTÚNṢE
*(bí Bàbá ṣe tò ó, tó sì fi ránṣẹ́ sí wọn)*

~~Òṣìṣẹ́ wa tó wà láàyè, tó ń jẹun, tó ń sùn, ló tẹ̀ ẹ́.~~

~~Ọ̀gá ni kò jẹ́ kí wọ́n kùn ún ní pupa.~~

A ṣe àṣìṣe. Kì í ṣe òkú wa.

16.

Kò sí èsì.

17.

Ní ọjọ́ tó parí oṣù, Bàbá fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó sì lọ sí ilé iṣẹ́ náà.

Kò sí akọ̀wé lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ kan ló dúró síbẹ̀, ó ga tó àyà èèyàn, ojú rẹ̀ ń tàn. *Ẹ káàbọ̀. Ta lẹ wá rí?* Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn gíláàsì wà, ìjókòó mélòó kan, àti ẹ̀ṣọ́ kan tó ń fi ìka nu ojú fóònù rẹ̀.

Bàbá tẹ orúkọ Ọ̀gá.

*Ọ̀gá kò gba àlejò lónìí.*

Ó tẹ orúkọ Onírùngbọ̀n, orúkọ rẹ̀ gan-an, bó ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ fún Ìyá lọ́jọ́ tó wá.

*A kò rí orúkọ yìí.*

Ó tún un tẹ̀, bóyá ìka òun ló ṣì í.

*A kò rí orúkọ yìí.*

Ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń kánjú, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n bá yín tẹ̀ ẹ́?" Bàbá ní òun mọ̀ ọ́n tẹ̀.

Ó wá tẹ orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ ọmọ rẹ̀. Kò tíì tẹ̀ ẹ́ tán tí ẹ̀rọ fi parí rẹ̀ fún un, tó sì gbé àwòrán jáde: ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tí kò dọ́gba, ẹ̀rín tó fẹ́ jáde.

*A ti fi tó o létí pé ẹ ti dé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó dè é.*

Bébà kékeré yọ jáde lábẹ́ ẹ̀rọ. ÀLEJÒ, ó kọ ọ́ gàdàgbà, orúkọ ọmọ sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà ṣẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀kùn gíláàsì ṣí fún un.

Ẹ̀ṣọ́ náà gbójú sókè. Ó ka bébà. Ó tún un kà. Ó hàn pé ó mọ Tíṣà.

"Bàbá," ó rọra sọ ọ́, "ta ló ní kí ẹ dúró dè é?"

"Ẹ̀yin ni."

Bàbá yan àga tó kọjú sí àtẹ̀gùn, èyí tí ẹni tó bá ń bọ̀ láti òkè kò lè ṣàìrí, ó sì jókòó.