Àwo Tó Wà Nísàlẹ̀

Nígbà tí akọ̀wé obìnrin náà yọrí lẹ́nu ọ̀nà tó ní, "Ta ló kàn?", gbogbo èrò tó kún yàrá ìdúró bámúbámú ló tẹjú mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ta ló fẹ́ wọlé? Ẹni tó jáde kẹ́yìn ń fi áńkáṣífì nu òógùn, bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ nínú ilé. Orí méjì péré ló gbé sókè: ti ọmọbìnrin kan, ọmọ télọ̀, tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, àti ti ọ̀dọ́mọkùnrin onígíláàsì kan tó fara ti ògiri lọ́ọ̀ọ́kán. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Àyà ọmọ télọ̀ já, kì í sì í ṣe ẹ̀rù ló já a. Ọkùnrin náà nawọ́ sí ilẹ̀kùn bí ẹni ń sọ pé, "Obìnrin ló ń ṣíwájú." Ọmọbìnrin náà mi orí, ó nawọ́ padà: àgbà ló ń ṣíwájú. Báyìí ni ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì láàárín ogunlọ́gọ̀ tí kò rí ohun ẹ̀rín kankan.

Iṣẹ́ ẹnjiníà sọ́fúwíà ni gbogbo wọn wá. Wọn ò gba èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì. Orí àtẹ̀gùn ni wọ́n ti tún pàdé lẹ́yìn tí wọ́n dá wọn lóhùn.

"Kí ni wọ́n bi yín?" Onígíláàsì béèrè.

"Wọ́n ní kí n kọ kóòdù tó máa yí ọ̀rọ̀ kan sódì. Ọ̀rọ̀ yẹn yí, èmi náà yí. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Wọ́n ní níbo ni mo rí ara mi lọ́dún márùn-ún sí i. Mo wo ojú wọn, mo ní, 'Bí ẹ ṣe ń wò mí yìí, ìta ni.'"

Ọmọ télọ̀ rín ẹ̀rín títí ó fi di àtẹ̀gùn mú. Kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn á máa bi ara àwọn ní ìbéèrè, títí ẹnìkan á fi gba iṣẹ́.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni ọmọ télọ̀ ń gbé. Ilé ìdáná ibẹ̀ ni wọ́n sọ di yàrá ìdánwò. Ẹni tó bá ń ṣe ọ̀gá á jókòó sórí àpótí. Ẹni tó ń wáṣẹ́ á dúró níwájú fíríìjì, á máa fi máákà kọ kóòdù sára ilẹ̀kùn rẹ̀ funfun. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ibi iṣẹ́ dé tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, á kan kóòdù lára fíríìjì láti òkè délẹ̀.

"Ṣé kí n kọ́kọ́ yege kí n tó mumi nílé mi ni?" Á wá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Àbí, ìbéèrè nìkan náà lẹ ń bi ara yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́!"

"Èmi ò sọ nǹkan kan o. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀."

Ìbéèrè kan wà tó le ju Onígíláàsì lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ ń wọlé sínú kọ̀ǹpútà bí èrò tó tò, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni kí a kọ́kọ́ dá lóhùn. Ṣùgbọ́n òkìtì nìkan ni wọ́n fún ẹ láti kó wọn sí, òkìtì tí a kì í mú nǹkan lára rẹ̀ àfi láti òkè. Báwo lo ṣe máa ṣe é? Onígíláàsì kọ ọ́ títí, ó pa á rẹ́ títí, ó jókòó sílẹ̀.

Ọmọ télọ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé àwọn àwo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, ó tò wọ́n lérí ara wọn.

"Wò ó. Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí ló kọ́kọ́ dé. Gbogbo èyí tó dé lẹ́yìn ló gùn ún lórí. Báwo lo ṣe fẹ́ mú un?"

"Màá fà á yọ."

"Tó bá fọ́, ìwọ àti ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó wá ń ṣí àwọn àwo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sí òkìtì kejì, títí èyí tó wà nísàlẹ̀ fi bọ́ sókè téńté. "Òkìtì méjì ni ìdáhùn ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ti bọ́ sójú."

Onígíláàsì wo àwo, ó wo ọmọbìnrin náà, kò sì wo àwo mọ́. "Olùkọ́ mi," ló sọ wẹ́rẹ́. Ó na ọwọ́ gba àwo òkè yẹn, ìka wọn kanra, ni àwo bá já bọ́, ó di wẹ́wẹ́.

"Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé omi ló dànù, agbè ò fọ́!" nọ́ọ̀sì ké láti yàrá. "Agbè tèmi ni mo gbọ́ yẹn!"

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni ọmọ télọ̀ kọ lẹ́tà kan. Ohun tí ìtìjú ò jẹ́ kó lè fẹnu sọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba: pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ó fi í sínú báàgì, ó pinnu pé ọjọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn bá gba iṣẹ́ lòun máa fún un, kí ìfẹ́ má baà da ẹ̀kọ́ rú.

Onígíláàsì ló kọ́kọ́ gbà á. Ó sáré gun àtẹ̀gùn wá, èémí ò délẹ̀. "Olùkọ́ mi, wọ́n gbà mí! Ìbéèrè àwo yẹn gan-an ni! Bó o ṣe ṣe é ni mo ṣe é, ẹnu yà wọ́n!" Ọmọ télọ̀ ti ki ọwọ́ bọ báàgì nígbà tí fóònù ọkùnrin náà dún, iléeṣẹ́ tuntun ló ń pè. "Mò ń bọ̀ lọ́la," ó sọ fún ọmọ télọ̀ bó ṣe ń sáré jáde. "A ní ọ̀rọ̀ láti sọ."

Ọ̀la yẹn ò dé. Iṣẹ́ pọ̀. Ìpè di àtẹ̀jíṣẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ di àwòrán àtàǹpàkò lásán. Ẹni tó da omi síwájú ló yẹ kó tẹ ilẹ̀ tútù. Ọmọ télọ̀ da tirẹ̀, ẹlòmíràn ló ń rìn lórí ẹ̀.

Nígbà tí ìwé ìpè dé fún òun náà, iléeṣẹ́ Onígíláàsì ni. Kò sọ fún un. Nọ́ọ̀sì bá a to kọ́là ẹ̀wù rẹ̀, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Àbúrò mi, èyí ló kẹ́yìn. Tí kò bá bọ́ sí i, wàá padà sílé lọ bá màmá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ojú wọn ti ń ṣú, wọn ò lè ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́."

"Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Èèyàn méjì ló jókòó sí yàrá náà: ọ̀gá obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun, àti Onígíláàsì. Ojú wọn tún ṣe mẹ́rin. Ti ọkùnrin náà ló kọ́kọ́ sá.

"Òfin méjì la ní níbí," ọ̀gá ní. "Ẹni tó bá mọ ẹni tó wá, kó sọ. Ẹni tó bá ti rí ìbéèrè wa rí, kó sọ, a óò pààrọ̀ ẹ̀. Kò sẹ́ṣẹ̀ níbẹ̀. Irọ́ la ò gbà." Ó yíjú sí Onígíláàsì. "Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Rárá, mà."

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀ wéré bí ohun tó ti fi kọ́ra. Ọmọ télọ̀ gbọ́ ọ, nǹkan kan fọ́ nínú rẹ̀ tí ariwo ẹ̀ ò jáde síta.

"Àbúrò wa yìí ló fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ìbéèrè òní," ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Èmi àti òun nìkan ló tíì rí i. Ìtàn àwo ni. Ó ní ibi tóun ti ń fọ àwo nílé òun lòun ti ronú kàn án, ìdáhùn àwo yẹn ló fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Ǹjẹ́ o ti rí i rí?"

Ìwé náà wà níwájú rẹ̀: àwo, òkìtì, èyí tó wà nísàlẹ̀. Bó bá ní òun ti rí i, irọ́ Onígíláàsì tú, iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Bó bá ní òun ò rí i rí, tó sì dáhùn, tirẹ̀ ni iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ layé ni òun àti ọkùnrin yìí yóò máa kí ara wọn bí àlejò, kí irọ́ náà lè dúró. Ó mú máákà. Ó ya òkìtì kan sórí pátákó funfun. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀, kò ya ìkejì.

Ó dé máákà padà. "Ẹ forí jì mí, mà. N kò lè dáhùn èyí."

"Gbìyànjú ná, ọmọ mi."

"Ẹ ṣeun, mà. N kò lè dáhùn ẹ̀."

Ẹnu géètì ni Onígíláàsì ti bá a, ó ń mí hẹlẹ. "Olùkọ́ mi! Kí ló dé? Ìbéèrè tìẹ ni! Nítorí ẹ ni mo ṣe kọ ọ́!"

"O ní o ò mọ̀ mí."

"Tí mo bá ní mo mọ̀ ẹ́, wọ́n á yọ mí kúrò lára àwọn tó ń bi ẹ́ ní ìbéèrè, wọ́n á gbé ẹni tó máa dà ẹ́ láàmú síbẹ̀. Mo fẹ́ kó rọrùn fún ẹ ni. Wàá wọlé, a jọ máa wà níbí, lẹ́yìn náà..."

"Lẹ́yìn náà, ìgbà wo lo máa wá mọ̀ mí?"

 Àwọn òṣìṣẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Ọ̀kan kí Onígíláàsì, ó dáhùn láìwẹ̀yìn.

Ọmọ télọ̀ ki ọwọ́ bọ báàgì. Etí lẹ́tà náà ti ká, ara rẹ̀ ti yọ́ bí aṣọ àlòkù.

"Gbà. Ọjọ́ tó o gba iṣẹ́ ló yẹ kí n ti fún ẹ."

"Kí nìyí?"

"Kò sí ìbéèrè kankan nínú ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́, òótọ́ ni gbogbo ẹ̀."

Onígíláàsì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí wọ́n gbé àwo lé lọ́wọ́.